Ohun tó ń pa ajá nílé oníbúrẹ́dì: Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru aládùúgbò

Ní Ògìjo, ìlú Rẹ́mọ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ajá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ojú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù ni ìlú náà wà. Iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́, nítorí pé èrò Èkó ti kún débi pé àwọn èèyàn ti ń sún wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ láti wá ibi tí wọ́n máa gbé. Ẹni tó ní ilé tí kò tíì parí, ẹni tó kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ní ọgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ̀ lóru, ajá ni ọ̀pọ̀ wọn gbára lé. Bí olè bá ń bọ̀, ajá ló máa kọ́kọ́ gbó kí mẹ́gàádì tó jí.

Kí ni ajá yìí wá ń jẹ? Oúnjẹ ajá tí wọ́n ń dì sínú àpò wọ́n gan-an, kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè máa rà lóṣooṣù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ni tirẹ̀: ẹ̀bà àná, eegun ẹran, ìdí ìrẹsì tó jóná. Níbi tí ilé ìṣe búrẹ́dì bá sì wà nítòsí, oríire ajá ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni olówó rẹ̀ ṣe rò. Fúláwà pípò tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, búrẹ́dì tó jóná, èyí tó wó nínú páànù, èyí tí kò tà tó sì ti ń bu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sí ẹ̀yìnkùlé. Àánú ni oníbúrẹ́dì ń ṣe. Ó sàn kí ẹran Ọlọ́run jẹ ẹ́ ju kí ó ṣòfò lọ.

Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà lọ́jọ́ tí ajá bá dédé ṣubú. Ikùn rẹ̀ wú, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó ń ta gìrì, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti kú. Kò sí ẹni tó máa béèrè ohun tó jẹ. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ẹni tó bá olówó ajá jà lọ́sẹ̀ yẹn. Aládùúgbò tó ti ń ráhùn pé ajá náà kì í jẹ́ kí òun sùn, ayálégbé tí ajá lé ọmọ rẹ̀, àwọn ni gbogbo ojú máa yí sí. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó fi máa dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí ẹni méjì tó ń pín omi kànga kan náà kò sì ní kí ara wọn mọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn burúkú wà tí wọ́n ń fi oògùn eku àti oògùn kòkòrò sínú ẹran láti fi pa ajá. Kò sí dókítà ẹranko kan nílẹ̀ yìí tó máa sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan náà mọ̀ pé àwọn ohun èlò tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, kéèkì àti ṣinṣín, tí èèyàn ń jẹ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ń pa ajá, wọ́n sì ń pa á pẹ̀lú àmì tó jọ ti ẹni tí wọ́n fún ní májèlé. Èyí tó tún wá burú ni pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ajá náà jù lọ ló máa ń ti wá.

Ká mú fúláwà pípò tí wọ́n kò tíì sun, nítorí òun ló rọrùn jù fún ajá ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì láti rí jẹ. Yíìsì ló ń mú búrẹ́dì wú. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín ni, ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ àti ọtí jáde. Irú rẹ̀ ló wà nínú ẹmu tó fi ń hó, tó fi ń pani bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Ibi tó bá móoru tó sì tutù fún omi ni yíìsì ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí oníbúrẹ́dì fi ń bo fúláwà tó pò, tó ń fi í sílẹ̀ kó wú. Ooru ara ajá jẹ́ nǹkan bí 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó gbóná díẹ̀ ju ti èèyàn lọ. Nítorí náà, bí ajá bá gbé fúláwà pípò mì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gbé e lọ síbi tó yẹ kó ti wú gan-an. Ohun tó wọlé bí ẹ̀kún ọwọ́ kan kò ní dúró bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, agbẹ̀du ajá yóò kún fún afẹ́fẹ́, yóò le gbagidi, ajá yóò fẹ́ bì, kò sì ní rí i bì. Nínú àwọn ajá tí àyà wọn jìn, irú bíi Alsatian tí àwọn ará wa fẹ́ràn láti máa fi ṣọ́lé, agbẹ̀du tó wú bẹ́ẹ̀ lè yí po. Bí ó bá ti yí, ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà kọjá mọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì lè gbà á, wákàtí díẹ̀ sì ni àyè tó wà. Èkejì, ọtí tí yíìsì ń pọn nínú ikùn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ajá náà yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ara rẹ̀ yóò tutù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, bó bá sì pọ̀, yóò dákú, mímí rẹ̀ yóò sì máa lọọlẹ̀. Àwọn tó ń wò ó lè máa fi rẹ́rìn-ín pé ajá ti mu ògógóró. Ajá náà kò mu nǹkan kan, inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọtí.

Ó yẹ ká là á yé ara wa níbí pé búrẹ́dì tó jiná kò ní wàhálà yìí. Ooru ófìn ti pa yíìsì inú rẹ̀. Ègé búrẹ́dì lásán tí ọmọdé jù sí ajá kò lè pa á. Tútù ni ewu wà.

Kòkó ló tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ Rẹ́mọ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Inú kòkó ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní theobromine. Ìbátan káfíìnì ni, èyí tó wà nínú kọfí àti nínú obì. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé ojúkò ọjà obì ni láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn Hausa sì ń wá kó obì níbẹ̀ lọ sókè Ọya. Ohun tó ń lé oorun lọ lójú ẹni tó jẹ obì, tó ń mú àyà ẹlòmíràn lù kìkì bí ó bá jẹ ẹ́ jù, ẹ̀yà rẹ̀ ló wà nínú kòkó oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì aláwọ̀ dúdú. Ara èèyàn mọ bó ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lára èèyàn, ìdajì rẹ̀ yóò ti lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 7 sí 10. Lára ajá, ó lè gba wákàtí 17 ààbọ̀. Kí èyí tó jẹ láàárọ̀ tó kúrò, bó bá tún rí òmíràn jẹ lálẹ́, orí àárọ̀ ni ti alẹ́ máa gùn.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ nípa májèlé ẹranko ń lò ni pé bí theobromine bá ti tó 20 mílígíráàmù fún kílò ara ajá kan, yóò máa bì, inú yóò máa ṣí i, kò sì ní lè fara balẹ̀. Bó bá di 40 sí 50, ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù sódì. Bó bá tó 60, gìrì dé. Kòkó oníyẹ̀fun tí kò ní ṣúgà nínú lè ní mílígíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ajá ìbílẹ̀ tó wọn kílò 10: gíráàmù kòkó 10 péré ti tó láti dá a láàmú, 30 sì lè mú gìrì wá. Àpò kòkó kékeré kan tí alásè kéèkì gbàgbé sórí tábìlì ju èyí lọ fíìfíì. Ṣokoléètì onímílíìkì tí àwọn ọmọ ń jẹ kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kòkó inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ajá kékeré kò nílò púpọ̀. Ní òkè òkun, àwọn kan tilẹ̀ ń da èèpo kòkó sí ìdí òdòdó wọn, òórùn dídùn rẹ̀ sì ti fa àwọn ajá mọ́ra tí wọ́n fi jẹ ẹ́, tó sì ṣe wọ́n léṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kòkó ti wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni pé ajá tó jẹ ẹ́ jù kì í dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Yóò máa sáré káàkiri, yóò máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ yóò ràn, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá rí i ládùúgbò yóò pariwo pé "Dìgbòlugi!" Lẹ́yìn ariwo yẹn, igi àti òkúta ló kù. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí pátápátá, nítorí dìgbòlugi kì í ṣe àrùn àwàdà. Ẹni tí ajá oní-dìgbòlugi bá gé jẹ, tí kò tètè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí àmì àrùn náà sì yọ lára rẹ̀, ikú ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ajá tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n dá a mọ́ ibi kan, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ẹni tó bá ní káàdì àjẹsára ajá rẹ̀ nílé lè mú un jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní, ẹnu rẹ̀ kò lè tólẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ohun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì máa jẹ́ kí ajá dà bíi wèrè. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú ogun àgbáyé kejì, àìsàn kan wà tó ń ṣe ajá tí kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Ajá yóò dédé figbe ta, yóò sá lọ bí ẹni tí iwin ń lé, yóò máa fara gbá ògiri, yóò sì ta gìrì. Àwọn kan ní kòkòrò inú ikùn ni, àwọn mìíràn ní àrùn tó ń ràn ni. Ọ̀gbẹ́ni Edward Mellanby, onímọ̀ ìṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti fi ajá ṣe ìwádìí nípa àrùn tó ń jẹ́ kí egungun ọmọdé wọ́, ló já okùn ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1946. Ó fi oúnjẹ tí fúláwà pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ àwọn ajá. Àwọn tó jẹ fúláwà lásán kò ní nǹkan kan, àwọn tó jẹ fúláwà tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní agene fọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè.

Agene yìí kì í ṣe ohun tó fara sin o. Òun ni àwọn ọlọ́lọ̀ fúláwà ń lò nígbà náà kí fúláwà lè funfun kí ó sì tètè dára fún búrẹ́dì, èyí tó pọ̀ jù nínú fúláwà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ ló sì ti kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ti rí èròjà tí agene ń bí nínú fúláwà tó ń kọlu ọpọlọ ajá. Kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe èèyàn ní irú rẹ̀. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà kò dúró de ẹ̀rí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì pa á tì láàárín àwọn ọdún 1950. Bí kì í bá ṣe ajá tó ń figbe ta, ta ni ìbá béèrè ohun tó wà nínú búrẹ́dì?

Ó yẹ kí ìtàn yìí dún létí àwa ará Nàìjíríà, nítorí àwa náà ti ní tiwa. Potassium bromate, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi sí fúláwà kó lè wú dáadáa, ni àjọ NAFDAC fòfin dè lásìkò tí olóògbé Dora Akunyili ń darí àjọ náà, láàárín ọdún 2001 sí 2008. Àjọ tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti sọ ní ọdún 1999 pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Títí di òní, NAFDAC kò yéé kìlọ̀ fún àwọn oníbúrẹ́dì nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fi pamọ́ lò ó, tó wá ń da ìyókù fúláwà rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe ajá nìkan ló ń ṣe níbi.

Ká padà sí ilé ìdáná. Ṣúgà kan wà tí wọ́n ń pè ní xylitol. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí wọ́n fẹ́ fọ̀n díẹ̀ máa ń fi ṣe kéèkì, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohunkóhun sí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ní ti ajá, ńṣe ni yóò tan ara rẹ̀ jẹ. Ara ajá yóò rò pé ṣúgà gidi ló wọlé, yóò tú insulin jáde yàà, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ débi pé yóò ṣubú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù fún kílò ara kan ti tó láti fa èyí. Bó bá tó ààbọ̀ gíráàmù fún kílò kan, ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ wọn nípa ajá mẹ́jọ tí ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí a ń kà sílẹ̀ yìí, òun ni kò gba gẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń ra ṣúgà àwọn onítọ̀ ṣúgà fún bàbá rẹ̀ nílé, kó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo.

Èso àjàrà gbígbẹ, tí wọ́n ń fi sínú kéèkì ìgbéyàwó àti búrẹ́dì olówó iyebíye, ní ìtàn tó ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe é kò yé ẹnikẹ́ni. Ajá kan lè jẹ ẹ̀kúnwọ́ kó má ṣe é ní nǹkan, òmíràn yóò jẹ díẹ̀, yóò sì kú. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìgbà tí ajá kan jẹ amọ̀ ìṣeré tí wọ́n fi fúláwà ṣe fún ọmọdé nínú ilé, tí kíndìnrín rẹ̀ sì bàjẹ́ bíi ti ẹni tó jẹ àjàrà, ni àwọn onímọ̀ májèlé ẹranko ní Amẹ́ríkà ṣí ojú. Wọ́n wo ohun tí wọ́n fi po amọ̀ náà, wọ́n bá cream of tartar níbẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kíkan tí àwọn alásè kéèkì ń lò, tó sì máa ń wà nínú irú àwọn béékìn páúdà kan. Láti ara àjàrà ni wọ́n ti ń rí i. Ní ọdún 2021 ni wọ́n gbé e jáde pé ásíìdì inú rẹ̀ ló jọ pé ó ń pa kíndìnrín ajá, àti pé bí ó ṣe pọ̀ sí nínú àjàrà kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ajá kan fi ń yè tí èkejì ń kú.

Àwọn ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Béékìn páúdà àti soda, bí ajá bá jẹ ẹ́ lọ́pọ̀, ń da iyọ̀ ara rẹ̀ rú, iṣan rẹ̀ yóò sì máa fà. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí kò sí ṣinṣín tàbí pọ́fù-pọ́fù tó dùn láìsí rẹ̀ lè mú kí ajá máa gbọ̀n bó bá jẹ odidi èso rẹ̀. Bọ́tà tí wọ́n há kúrò nínú páànù ń dá inú rírun tó le sílẹ̀ fún ajá tí ara rẹ̀ kò gba ọ̀rá. Búrẹ́dì tó ti bu, tí àwọn èèyàn gbà pé ajá ni wọ́n dá a fún, ní ti ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí àwọn irú ẹ̀bu kan ń pèsè májèlé tó ń kọlu iṣan, ajá yóò sì máa gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2007 tí àwọn tó ń rò pé oúnjẹ ajá inú àpò ni ìdáàbòbò kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ajá àti ológbò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí kíndìnrín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń sin wọ́n ló fẹjọ́ sun ìjọba. Nígbà tí wọ́n tú u wò, èròjà àlìkámà kan tó wá láti Ṣáínà ni wọ́n bá. Wọ́n ní ojúlówó èròjà tó ń mú fúláwà fà ni, àṣé fúláwà lásán ni, wọ́n wá fi melamine sí i, ohun tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ oníke, kí àyẹ̀wò lè gbé e jáde bí oúnjẹ amáradàgbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2008, wọ́n rí melamine yìí kan náà nínú mílíìkì àwọn ọmọ ọwọ́ ní Ṣáínà. Ọmọ bí 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà sì kú. Ajá ti sọ ọ́ lọ́dún kan ṣáájú.

Ní Ògìjo fúnra rẹ̀, ohun mìíràn tún wà tí dókítà ẹranko kò gbọdọ̀ fojú fò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti iléeṣẹ́ ìròyìn The Examination gbé e jáde pé èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù lágbègbè náà fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, méje nínú mẹ́wàá ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó léwu. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ajá ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ kan náà, ó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀, òjé sì ń fa èébì, inú rírun àti gìrì fún ajá gẹ́gẹ́ bíi ti kòkó. Nítorí náà, bí ajá bá ta gìrì ní Ògìjo tí kò sí kòkó tàbí fúláwà pípò nítòsí, kí wọ́n ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ajá, àwọn ọmọ ilé yẹn ló kàn.

Kí ni kí ẹni tí ajá rẹ̀ bá jẹ irú nǹkan yìí ṣe? Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni gbogbo ayé ń ṣe. Epo pupa ni ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà mílíìkì inú agolo. Wọ́n á la ẹnu ajá, wọ́n á da epo sí i. Ajá tó ti ń dákú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo náà yóò gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, èyí tí kòkó kò pa, epo yóò pa á. Omi iyọ̀ tí àwọn mìíràn ń fún un kó lè bì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ májèlé ni fún ajá. Bẹ́ẹ̀ sì ni èédú ìdáná tí wọ́n ń lọ̀ kì í ṣe èédú tí dókítà ń lò.

Àkókò ló ṣe pàtàkì. Bí dókítà bá rí ajá náà láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́, ó lè mú kó bì ní ọ̀nà tí kò léwu, tàbí kó fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí májèlé wọ ẹ̀jẹ̀. Fún fúláwà pípò, omi tútù ni wọ́n fi ń fọ agbẹ̀du, kí òtútù lè dá yíìsì dúró. Fún xylitol, omi ṣúgà ni wọ́n ń fà sí i lára; bí ajá bá sì ti ń rẹ̀ lọ́nà tí kò tíì dákú, kí wọ́n fi oyin díẹ̀ ra èrìgì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Kòkó kò ní apẹ̀rọ̀ kan pàtó, ńṣe ni dókítà máa dúró ti ajá títí ara rẹ̀ yóò fi lé e jáde. Ilé ìwòsàn ẹranko ńlá wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láti Ògìjo dé ibẹ̀ kì í ṣe ìrìn tí ajá tó ń ta gìrì lè máa rìn. Nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko tó sún mọ́ ilé jù ni kí wọ́n wá kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n sì mú ọ̀rá tàbí agolo ohun tí ajá jẹ dání, kí wọ́n sọ bó ṣe pọ̀ tó àti aago tó jẹ ẹ́. Bí ajá bá ti kú, dókítà lè là á wò kó sọ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀. Owó yẹn kò tó èyí tí wọ́n máa ná sí ẹjọ́ aládùúgbò.

Ní ti àwọn oníbúrẹ́dì, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣàánú ajá mọ́. Fúláwà pípò tó bá ṣẹ́ kù sára ẹ̀rọ, kí wọ́n há a sínú páànù kan, kí wọ́n tì í sínú ófìn nígbà tí wọ́n bá sun ti ìkẹyìn tán tí ooru ṣì wà níbẹ̀, kó jiná kí wọ́n tó dà á nù. Garawa onídèérí tí ajá kò lè fi imú ṣí ló yẹ kí wọ́n máa da ìyókù sí, kí àpò yíìsì, kòkó àti èso àjàrà sì wà lórí pẹpẹ gíga.